Ìgérùjẹ ni ká máa pè é: nípa ẹja bẹ́tà tó ń gé ìrù ara rẹ̀ jẹ

Àbúrò mi kan tó ń sin ẹja bẹ́tà, ẹja ọ̀ṣọ́ kékeré tí à ń sìn nínú gíláàsì, pè mí ní ìdájí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹja mi fẹ́ para ẹ̀." Mo bi í pé kí ló rí. Ó ní ìrù ẹja náà pé pérépéré nígbà tí òun ń lọ sùn, ṣùgbọ́n ìgbà tí òun jí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó ti pòórá, ẹja ọ̀hún sì sáré wá síbi oúnjẹ bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo wá bi í pé ta ló sọ fún un pé ẹja ń para ẹ̀. Ó ní ibi tí òun ti kà nípa rẹ̀, "ìpara-ẹni-lára" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àyà ọmọ yìí ti já láti orí "ìpara-ẹni" kó tó ka ọ̀rọ̀ náà dópin.

Orúkọ tí kò dáa ló dá ìpayà yẹn sílẹ̀, kì í ṣe ẹja. Ìgérùjẹ ni èmi ń pè é. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi pè é bẹ́ẹ̀, màá sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Ẹja mi, aláró tí ìrù rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, ti ń pàdánù ìrù díẹ̀díẹ̀ lóròòru. Lóru ọjọ́ kan mo jókòó tì í, mo tan iná fóònù láti ẹ̀gbẹ́, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìdajì ìmọ́lẹ̀ náà kó má bàa tají. Ó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́bàá ewé. Lójijì ó ká bí òrùka, ó lé ìrù ara rẹ̀ yípo lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kẹta ẹnu rẹ̀ bà á, ó gbọn orí pẹ́rẹ́, ìrù já. Ègé kan tí kò ju ìpẹ́ ẹja lọ ń rọra rì lọ sísàlẹ̀, ó ń kọ mọ̀nà nínú iná. Ẹja náà yíjú sí i, ó wò ó, kò sì gbé e mì.

Àwọn kan yóò mú ibẹ̀ yẹn bá mi jà pé bí kò bá gbé e mì, kò jẹ ẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, kó rántí ajá. Bí ajá bá gé ọmọ jẹ ní ẹsẹ̀, ṣé ẹsẹ̀ ti wà nínú ajá ni? "Gé jẹ" ni Yorùbá ń wí fún iṣẹ́ tí eyín ṣe, ẹran ì báà dé ọ̀fun, ì báà má dé ọ̀fun. Ejò ń gé ni jẹ, èèrà ń gé ni jẹ. Bẹ́tà náà sì ní eyín wíńníwínní lẹ́nu, kó má ṣe ẹnikẹ́ni ní kàyéfì.

Àwọn tí mò ń bá jà pọ̀. Ti àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń kọ "téèlì-báítìn", èdè òyìnbó fún gígé ìrù jẹ, tí wọ́n ní gbogbo ẹni tó ń sin ẹja ló gbọ́ ọ. Mo gbà pé a gbọ́ ọ. N kò bá fílítà tó ń sẹ́ omi jà, n kò bá tánkì tí ẹja ń gbé jà, torí pé àwọn nǹkan wọ̀nyẹn bá orúkọ wọn wọ ilé wa ni. Ṣùgbọ́n ìrù ti wà nídìí ẹran wa kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀, eyín sì ti wà lẹ́nu wa. Kí la fẹ́ fi báítìn ṣe?

Ti ìkejì ni ìpara-ẹni-lára tó dẹ́rù ba àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ ti ọmọ ènìyàn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo débi pé ó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe nílò olùgbọ́, ó nílò oníṣègùn, ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ìpọ́njú rẹ̀ kò sì yẹ lóhun tí à ń há fún ẹja. Ọmọ tó ń gé èékánná jẹ ní kíláàsì, ta ló sọ pé ó ń para ẹ̀ lára? Gé èékánná jẹ la ń wí. Odídẹrẹ́ tí a sé mọ́ inú àgò, tó wá ń fa ìyẹ́ ara rẹ̀ tu, a ní ó ń fa ìyẹ́ tu, a sì mọ̀ pé àgò ló yẹ ká wò. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ẹja ṣe, ká má sọ ohun tí a rò pé ó wà nínú ọkàn rẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ìkẹta, "ìjẹra", pé ẹja ń jẹ ara rẹ̀. Ó kúrú, ó dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ yọ àmì orí rẹ̀ kúrò bí ọ̀pọ̀ wa ti ń tẹ̀wé lórí fóònù, kí ẹ wá sọ fún mi bí ẹ ṣe fẹ́ mọ ìjẹra yàtọ̀ sí ìjẹrà. Ìjẹrà ìrù, àìsàn gidi ni, kòkòrò àìfojúrí ló ń fà á, ó ní oògùn tirẹ̀. Ìgérùjẹ kò ní oògùn nínú ìgò. Ẹni tó bá fi orúkọ ọ̀kan pe èkejì, omi ẹja rẹ̀ ló máa bàjẹ́.

Mo mọ̀, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. "Iru eja mi n jera," báyìí ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó ta ẹja náà fún mi, láìfi àmì kan sí i. Ó kà á sí jíjẹrà, ó sì dá mi lóhùn kíá pé kí n ra oògùn báyìí-báyìí, kí n fi sómi fún ọjọ́ márùn-ún. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Omi tánkì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Oògùn náà kò mọ kòkòrò tó ń ṣoore yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣe ibi, àwọn tó ń bá mi sọ omi di mímọ́ nínú fílítà bá a lọ. Ní ọjọ́ kẹrin amóníà, oró tó ń ti inú ìgbẹ́ ẹja wá, ti yọjú. Ẹja tí ara ti ń ni lára tẹ́lẹ̀ wá gé ìrù rẹ̀ jẹ dé ibi tí mo ti bẹ̀rù pé yóò kan ẹran ìdí. Àmì ohùn kan ṣoṣo, lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, òun ló gba gbogbo ìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi fara mọ́ ọn nígbà tí wọ́n bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ kọ́ ló ṣe pàtàkì." Orúkọ ni ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ yóò fi mọ ohun tí yóò mú jáde nínú àpótí oògùn.

Àwọn mìíràn ní ìgérùjẹ kò dún bíi Yorùbá, pé mo kàn so ọ̀rọ̀ pọ̀ ni. Ẹ tú "ìbànújẹ́" fún mi. Bà, inú, jẹ́, ìṣe níwájú, ohun tí a ṣe é sí láàárín, ìyókù ìṣe lẹ́yìn, ká wá fi "ì" ṣíwájú. Ẹ tú "abayéjẹ́" bákan náà. Gé, ìrù, jẹ: ìgérùjẹ. Ẹja tó ń ṣe é ni agérùjẹ. Kò sí ìlànà tuntun kankan níbẹ̀, ọ̀nà tí àwọn bàbá wa fi ń sọ ọ̀rọ̀ ni. Ẹnìkan ní bí a bá yọ àmì kúrò, a lè kà á sí irú, irú ọbẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé ẹja mi gé irú jẹ yóò bi mí léèrè kó tó ṣe nǹkan kan, nígbà tí ẹni tó rò pé ó ń jẹrà kò ní béèrè, oògùn ni yóò nà sí mi.

Àwọn tó ni ẹja yìí gan-an ti sọ ọ́ kí n tó sọ ọ́. Láti Táílándì ni bẹ́tà ti wá, "pla kat" sì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. "Pla" ni ẹja, "kat" ni kí á gé nǹkan jẹ. Agénijẹ lorúkọ ẹja láti ilé. Ní 2019 ìjọba ibẹ̀ sọ ọ́ di ẹranko omi orílẹ̀-èdè wọn. Orúkọ tí Charles Tate Regan, onímọ̀ nípa ẹja, fún un ní 1910, Betta splendens, ẹwà àti dídán ni ìyẹn ń sọ. Ẹwà yẹn náà ló di wàhálà. Bẹ́tà inú ìgbẹ́, èyí tó ń gbé inú oko ìrẹsì àti àbàtà, lẹbẹ kúkúrú ló ní. Àwa ènìyàn la fi ẹ̀kan ṣa ẹ̀kan títí ìrù fi fẹ̀ di ìdajì òṣùpá, tí àwọn mìíràn tún fi ṣẹ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí òdòdó róòsì.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹ wọ agbádá sányán fún ọkùnrin kan, ẹ sọ pé odò ni kó máa gbé, tọ̀sán-tòru. Omi ti mu agbádá, ó ti wúwo, apá rẹ̀ ń wọ́ tẹ̀ lé e, gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ yípadà ni aṣọ ń fà á sẹ́yìn. Kò lè bọ́ ọ, torí wọ́n rán an mọ́ ọn lára ni. Bí odò bá dákẹ́, yóò fara dà á. Bí odò bá ń ṣàn líle, ọjọ́ tí eyín rẹ̀ bá tó etí aṣọ, yóò fi eyín fà á ya. Ìgérùjẹ nìyẹn. Bóyá ìrù ló gé ni o, bóyá lẹbẹ abẹ́ ni, kò dí mi lọ́wọ́, ọ̀kan náà ni.

Ìtọ́jú rẹ̀ wà nínú odò náà. Tèmi, fílítà ló fà á. Bí wọ́n bá mú iná lọ, omi á dákẹ́, bí wọ́n bá mú un dé lóru, fílítà á tú omi jáde yàà, ẹja tó ti sùn á bá ara rẹ̀ nínú ìjì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òru ló ń gérù jẹ. Mo gé fóòmù kékeré, mo fi dí ẹnu fílítà kí omi lè máa ṣẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Fún ẹlòmíràn, òjìji ni: bí yàrá bá ṣókùnkùn tí iná tánkì sì wà ní títàn, gíláàsì á di dígí, ẹja á rí ọ̀tá níbẹ̀, á máa na lẹbẹ sí i títí ara rẹ̀ á fi gbóná. Ẹ lẹ páálí mọ́ ẹ̀yìn gíláàsì, ẹ tètè pa iná. Fún àwọn kan, ààyè ló há. Inú ìgò kékeré tí kò sí ewé, tí kò sí ibi ìsápamọ́, kí lẹ fẹ́ kó ṣe láàárọ̀ ṣúlẹ̀? Ẹ fún un ní bíi lítà 20, kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ láàárín 25 sí 27 lórí Celsius, kí ẹ sì kó ewé sí i. Anubias dáa, ewé ilẹ̀ wa ni, létí odò ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ló ti ń hù. Kí ẹ tó wá owó kiri, ẹ ṣa ewé gbígbẹ igi tí à ń pe èso rẹ̀ ní furúùtù l'Ékòó, èyí tó máa ń wà lọ́gbà ilé ìwé. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ju ọ̀kan sómi. Omi á pọ́n díẹ̀ bíi tíì. Àwọn ará Táílándì ti ń lò ó tipẹ́, torí ó jọ omi tí ẹja náà ti wá.

Kí ẹ tó fi oògùn kankan sómi, ẹ wo etí ibi tó gé. Èyí tí eyín gé máa ń rí roboto bí ibi tí ọmọdé bu iṣu jẹ, àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà, mọ́jú ọjọ́ kan ló sì máa ń ṣẹlẹ̀. Èyí tó ń jẹrà máa ń dúdú létí tàbí kó pọ́n, ó máa ń gbó ṣákaṣàka, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń lọ. Ojú egbò tí omi ẹlẹ́gbin bá dé lè jẹrà lẹ́yìn náà lóòótọ́, nítorí náà ẹ máa pààrọ̀ lára omi déédéé. Ẹni tó ń sin ẹja mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ omi, n kò ní fi ìyẹn gùn yín lágara. Àwọn kan ń fi sísọ́ọ̀sì gé ìrù náà kúrú fún ẹja kó lè fúyẹ́. N kò gbà á wọlé rárá. Ọwọ́ tó rán agbádá mọ́ ọn lára kò tún gbọ́dọ̀ fi abẹ bọ́ ọ.

Mo sọ gbogbo èyí fún àbúrò mi. Ó ní tánkì òun kọjú sí fèrèsé, fílítà òun sì ń tú omi bí ẹ̀rọ. Ó fi fóòmù dí i ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó fi àwòrán ránṣẹ́: ìrù ti ń hù padà, etí rẹ̀ tuntun mọ́ gaara bí ọ̀rá, a lè fi wo ewé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà, tàmì-tàmì: "Ẹ̀gbọ́n, kò gérù jẹ mọ́."