Olú tó ń fi ìran hanni: ṣé ó ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lóòótọ́?

Ìbéèrè (akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀): Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí i lórí fóònù pé ọpọlọ àwọn tó ti lo LSD (oògùn tó ń fi ìran hanni) tàbí olú tó ní psilocybin (èròjà tó ń fa ìran náà) rí, kò yọ wọ́n lẹ́nu ju tàwọn yòókù lọ. Ṣé irọ́ kọ́?

Ìdáhùn: Irọ́ kọ́. Lọ́dọọdún ni ìjọba Amẹ́ríkà máa ń bi àwọn ará ilé tó ti pé ọmọ ọdún 12 nípa oògùn olóró. Ní 2013, àwọn olùṣèwádìí méjì, Krebs àti Johansen láti Nọ́wè, yẹ èsì ènìyàn 130,152 wò. Nǹkan bí 22,000 nínú wọn ló ti lò ó rí. Wọn ò rí i pé àìsàn ọpọlọ pọ̀ lára wọn jù.

Àmọ́ "Ṣé o ti lò ó rí?" ni ìbéèrè náà. Ẹni tó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan lógún ọdún sẹ́yìn àtẹni tó lò ó lánàá, agbọ̀n kan náà ni wọ́n kó wọn sí. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n tàbí tó ń gbé ọsibítù kò sí nínú kíkà. Ẹ lọ sí Ìlódè, kẹ́ ẹ máa kan ilẹ̀kùn bi àwọn ọlọ́kadà bóyá ọ̀kadà léwu: ẹni tó ti kán lẹ́sẹ̀ kò sí nílé, ó wà ní wọ́ọ̀dù. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò sì lélẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè ti sá fún un látìbẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Wọn ò dán an wò lábẹ́ ojú dókítà ni?

Ìdáhùn: Wọ́n ṣe é. Èyí tó jáde ní 2022 fún ènìyàn 233 tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọn ò gbóògùn ní psilocybin, mílígíráàmù 25, 10 tàbí 1. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 25 ṣiṣẹ́ ju 1 lọ. Orí fífọ́ àti ìrìndọ̀ bá a rìn. Orílẹ̀-èdè 10 ni wọ́n ti ṣe é, kò sí ti Áfíríkà kankan níbẹ̀. Nínú ènìyàn 282 tó kópa nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ láti 1993 sí 2017, òyìnbó jẹ́ ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún. Aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ò pé mẹ́wàá. Ta ló wá fẹ́ fi ìyẹn ṣèdájọ́ tiwa?

Ìbéèrè: Gegemu, ewéko onímájèlé táwọn kan ń lò láti fi yó, ńkọ́?

Ìdáhùn: Rárá o! Òun àti LSD tàbí olú yẹn kì í ṣe ẹbí. Ṣe ló ń dí ọ̀nà tí iṣan fi ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ara: ẹnu á gbẹ, ojú á là rekete, ara á gbóná, ọkàn á máa sáré, ìtọ̀ ò ní wá, ẹni tó jẹ ẹ́ á máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Májèlé inú igi kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì, torí náà kò sí iye hóró tó jẹ́ "díẹ̀". Bí ẹnì kan bá jẹ ẹ́, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fipá mú un bì. Ẹ gbé e lọ sí pàjáwìrì ọsibítù tó bá súnmọ́ jù, kẹ́ ẹ mú ìyókù ewé tàbí hóró náà dání.