Ibi tí àsíá pupa, dúdú àti àwọ̀ ewé ti ṣẹ̀ wá

Tí àwọn ọmọ wa láti Amẹ́ríkà àti Jàmáíkà bá wá sí Àgbádárìgì, tí wọ́n fẹ́ wọkọ̀ sọdá ọ̀sà lọ sí Gberefu, erékùṣù tí wọ́n ti ń kó ẹrú wọkọ̀ òkun láyé ọjọ́un, ẹ ó rí i lára wọn: pupa lókè, dúdú láàárín, àwọ̀ ewé nísàlẹ̀. Òmíràn á wé e mọ́rí, òmíràn á so ó mọ́ ọrùn ọwọ́. Àwọn èwe etídò a máa bi ara wọn pé àsíá orílẹ̀-èdè wo nìyẹn. Kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan. Àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gba irú etíkun wa yìí lọ ló dá a sílẹ̀.

Marcus Garvey ni aṣáájú wọn. Jàmáíkà ni wọ́n ti bí i ní 1887. Òun àti Amy Ashwood dá ẹgbẹ́ UNIA, tó ń jà fún ìtẹ̀síwájú ènìyàn dúdú, sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1914, kó tó kọjá sí Amẹ́ríkà ní 1916. Láti nǹkan bí ọdún 1900 ni àwọn òyìnbó ibẹ̀ ti ń kọ orin ẹ̀gàn kan, pé gbogbo ẹ̀yà ló ní àsíá àfi ènìyàn dúdú. Ní oṣù Kẹjọ 1920, ẹgbẹ́ náà pe àpéjọ ńlá ní New York, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́ tó ní nǹkan 54 nínú. Nọ́ńbà 39 ló sọ pé pupa, dúdú àti àwọ̀ ewé ni àwọ̀ tiwa. Pupa dúró fún ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣòfò nítorí òmìnira, dúdú fún àwa fúnra wa, àwọ̀ ewé fún ilẹ̀ Áfíríkà ọlọ́ràá. Ọdún yẹn náà ni ẹ̀ka ẹgbẹ́ ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó.

Ohun tó máa ń wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun. Ní 1919, Garvey dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Black Star Line (Ìràwọ̀ Dúdú) sílẹ̀, ó ń ta ìpín rẹ̀ ní dọ́là márùn-ún-márùn-ún fún mẹ̀kúnnù, kí ènìyàn dúdú lè fi ọkọ̀ tirẹ̀ ṣòwò dé Áfíríkà. Ògbólógbòó ọkọ̀ ni wọ́n rà, wọ́n sì rà á lówó gọbọi. Nígbà tó fi di 1922, iṣẹ́ náà ti dẹnu kọlẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn jìbìtì kan Garvey lórí títa ìpín náà, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní 1925, wọ́n sì lé e kúrò nílùú ní 1927. Títí dòní, àwọn kan ṣì ń pè é ní alálàá.

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ Yorùbá ti ṣe é rí. Àwọn Sàró ni mò ń wí: àwọn tí ogun kó, tí wọ́n tà sókè òkun, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú omi, tó já wọn sí Freetown ní Sierra Leone. Ní 1839, àwọn kan nínú wọn dáwó jọ, wọ́n ra ọkọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọ́n sì wọ̀ ọ́ bọ̀ ní Àgbádárìgì. Láti ibí ni ọ̀pọ̀ Sàró ti gba ọ̀nà Abẹ́òkúta lọ wá ẹbí wọn. Ẹ rò ó wò: ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ènìyàn lọ ni wọ́n fowó ara wọn rà padà wálé, ọgọ́rin ọdún gééré ṣáájú Black Star Line! Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn òyìnbó oníwàásù ni àlejò ń wá wò lọ́dọ̀ wa; àwọn tó ń dárúkọ ọkọ̀ yẹn ò pọ̀.

Nígbà tí Gánà gbòmìnira ní 1957, ìràwọ̀ dúdú Garvey bọ́ sáàárín àsíá wọn. Ní oṣù Kìíní 2025, Ààrẹ Biden kọ̀wé ìdáríjì fún Garvey, ẹni tó ti kú láti 1940. Ọdún yẹn náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fi gbígba owó gbà-máà-bínú lórí òwò ẹrú àti ìjọba amúnisìn ṣe àkórí iṣẹ́ rẹ̀.

Nọ́ńbà 49 nínú ìwé ẹ̀tọ́ 1920 ló sún mọ́ wa jù: kí wọ́n máa kọ́ ọmọ ènìyàn dúdú ní ìtàn tirẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Nàìjíríà yọ ẹ̀kọ́ Ìtàn kúrò fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó dá a padà. Àwọn ọmọ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ Vlekete, ọjà ẹrú àtijọ́ ní Àgbádárìgì, lọ sílé ẹ̀kọ́ wà lára àwọn tó pàdánù rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ Àgbádárìgì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkọ̀ 1839 yẹn sínú ẹ̀kọ́ táàmù yìí.