Póka oníkáàdì méje

Póka oníkáàdì méje, tí àwọn tó ń ta á mọ̀ sí seven-card stud, jẹ́ eré tí ènìyàn 2 sí 8 máa ń fi káàdì 52 ta. Ó gbajúmọ̀ gan-an ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà kí Texas hold'em tó gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́. Olúkúlùkù ń gba káàdì méje: méjì àkọ́kọ́ dojú bolẹ̀, mẹ́rin ṣí sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, èyí tó kẹ́yìn tún dojú bolẹ̀. Márùn-ún tó dára jù nínú méje ni a fi ń díje.

Ọgbọ́n títa rẹ̀

Fún ọmọ Yorùbá tó ń ta Whot ní Kubwa tàbí Nyanya, ní Abuja, ohun àjèjì ibẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú káàdì ẹlòmíràn wà ní gbangba. Ẹni tó bá jáwọ́ a da káàdì rẹ̀ dé, wọn kì í sì í ṣí i mọ́; ẹni tí kò bá ti há a sórí ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Bí ọ̀ta ayò ṣe ń fi ojú ka ọmọ inú ilé ẹni tó ń bá a ta ni atapóka tó mọṣẹ́ ń ka káàdì orí tábìlì.

Ká ní káàdì mẹ́rin àkọ́kọ́ ẹnì kan jẹ́ alámì ọkàn pupa, tó sì ń wá ẹ̀karùn-ún, nítorí márùn-ún alámì kan náà lágbára púpọ̀. Bí ó bá ti rí káàdì méje lọ́wọ́ àwọn yòókù láìsí ọkàn kankan níbẹ̀, ìrètí rẹ̀ tó 53.5 nínú 100. Bí mẹ́rin nínú méje náà bá jẹ́ ọkàn, ìrètí ọ̀hún já sí 33. Káàdì ọwọ́ rẹ̀ kò sì yí padà rárá.

Sùúrù ṣe pàtàkì níbẹ̀rẹ̀. Káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ tó bára dọ́gba kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìgbà 425. Méjì tó bára mu ń wá ní bíi ìgbà 17 nínú 100. Bí káàdì ṣe ń wọlé ni wọ́n ń fi owó lélẹ̀; níbi tí wọ́n ti fi ààlà sí owó náà, ₦100 orí káàdì kẹta àti ìkẹrin ń di ₦200 láti orí ìkarùn-ún, nítorí náà ibẹ̀ ló yẹ kí ẹni tí káàdì rẹ̀ kò lágbára ti jáwọ́.

Bí káàdì kò bá wọlé

Ìrètí 53.5 yẹn náà ń já sófo ní ìgbà tó lé ní 46 nínú 100. Ó lè já sófo lẹ́ẹ̀mejì léra wọn ní bíi ìgbà 22 nínú 100. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé, káàdì kò sì rántí ẹni tó jẹ lánàá. Ewu gidi ni ìbínú tó ń tẹ̀lé e: kí ènìyàn máa lé owó tó ti lọ, kó máa fi káàdì burúkú wọlé, kó má tilẹ̀ wo tábìlì mọ́. Ìbéèrè tó tọ́ ni bóyá ìpinnu náà bá ohun tí ojú rí mu nígbà náà.

Ní Àríwá Nàìjíríà

Láti ọdún 2000 ni òfin Ṣàríà Zamfara ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìpínlẹ̀ 12 ló gbà á lápapọ̀, Kano náà wà lára wọn, tẹ́tẹ́ sì jẹ́ èèwọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Abuja kò sí lára wọn. A lè fi ìdérí ìgò míńírà kọ́ eré yìí dípò owó, àmọ́ ẹni tí kò ní ohun tó máa pàdánù kì í fẹ́ jáwọ́. Ó yẹ kí a ka ìdérí fún olúkúlùkù níbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí tirẹ̀ bá tán sì dìde kúrò lórí tábìlì títí di ọjọ́ mìíràn.