Ọparun Tó Sanra Lè Jẹ́ Ọmọdé

Irú ọparun tó wà láyé lé ní 1,400, koríko sì ni gbogbo wọn, ẹbí kan náà pẹ̀lú àgbàdo àti ìrèké. Ẹni tó bá kà á sí igi ni yóò ṣì í mú níbi tó ṣe pàtàkì jù: yóò rí ọparun tẹ́ẹ́rẹ́, yóò ní ká fi í sílẹ̀ kó sanra sí i. Ọparun kì í sanra sí i! Bí ẹ̀hù rẹ̀ bá ṣe nípọn tó lọ́jọ́ tó yọrí nínú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí yóò fi kú.

Ẹ wo irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń fà yọ lára rédíò. Gbogbo abala rẹ̀ ti wà nínú ara wọn tẹ́lẹ̀. A kàn ń fà á ni, a kò fi nǹkan kún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo oríkèé ọparun ṣe ti pé sínú ẹ̀hù. Láàárín oṣù mélòó kan, ó ti ga dé ibi tó máa ga dé. Ọwọ́ tó ń fà á ni oúnjẹ tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyẹn àwọn ọparun tó ti hù ṣáájú rẹ̀ nínú agbo kan náà, ti kó pamọ́ sí gbòǹgbò. Bí agbo náà bá ṣe ń lágbára sí i ni àwọn àbúrò ń nípọn ju ẹ̀gbọ́n lọ. Èyí tó sanra jù lè jẹ́ ọmọ ọdún yìí, tí omi ṣì kún ara rẹ̀. Ẹ fi kọ́lé, á sún kì, á sì là.

Ó kù kó le, ìyẹn sì ń gba nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ní Kòlóńbíà, ojú ni àwọn tó ń gé guadua, irú ọparun kan, fi ń mọ èyí tó ti gbó: ọ̀dọ́ ń dán, ó ní òrùka funfun ní oríkèé, ara àgbà ti ní àbàwọ́n eérú-eérú. Bí wọ́n bá gé e tán, wọn kì í tètè gbé e lọ. Wọ́n á fi í sílẹ̀ lóòró láàárín àwọn yòókù, tewétewé, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ewé máa fa omi jáde lára rẹ̀. Ọgbọ́n yìí wú mi lórí gan-an, torí ọparun fúnra rẹ̀ ló ń gbẹ ara rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Éṣíà, inú odò ni wọ́n ń rì í sí, kí omi lè fọ sítáàṣì tí kòkòrò ń wá jẹ kúrò.

Àwọn Sunda ní Indonéṣíà, tí wọ́n ń fi ọparun ṣe ohun èlò orin angklung, ń gé e ní ọ̀sẹ̀ méjì péré lọ́dún, nígbà tí kòkòrò cicada bá ń han. Abala mẹ́ta, ó kéré tán, ni wọ́n ń fi sílẹ̀ lókè ilẹ̀, kí gbòǹgbò tó máa bọ́ ẹ̀hù tó kàn má bàa kú.