Hegebeintum: Abúlé tó jókòó sórí ààtàn ara rẹ̀

Ní ìpínlẹ̀ Friesland, ní àríwá Nẹ́dálándì, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Àárín pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí ni abúlé kékeré Hegebeintum wà, lórí òkè tó fi bíi mítà 8.8 ga ju ojú òkun lọ. Ọwọ́ èèyàn ló mọ òkè náà. Terp ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, eléyìí ló sì ga jù ní gbogbo Nẹ́dálándì.

Omi ló fà á. Nígbà tí kò tíì sí odi létí òkun, ìjì kan ṣoṣo tó láti sọ gbogbo pápá di omi. Ṣùgbọ́n koríko ibẹ̀ dára fún màlúù àti àgùntàn, ta ni yóò fi í sílẹ̀? Láti nǹkan bí ọdún 600 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ará Friesland bẹ̀rẹ̀ sí í gé amọ̀ tòun ti koríko orí rẹ̀, wọ́n ń tò ó jọ, wọ́n sì ń kọ́lé lé e. Ìgbẹ́ ẹran, eérú àti pàǹtí ilé kì í lọ jìnnà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ń dà á sí. Bí ilé bá wó, wọ́n á tẹ́ àlàpà rẹ̀, wọ́n á da amọ̀ bò ó, wọ́n á kọ́ òmíràn. Bí ìran kan ṣe ń gun ààtàn ìran tó ṣáájú rẹ̀ nìyẹn. Omi mímu ńkọ́? Iyọ̀ ni omi tó yí wọn ká, nítorí náà wọ́n máa ń gbẹ́ adágún sórí terp láti gba omi òjò, fún èèyàn àti ẹran.

Nígbà tí wọ́n wá mọ odi sétí òkun, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, kò sí ìdí láti tún máa gbé òkè ga. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ́ sórí rẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìlá ṣì wà níbẹ̀.

Ààtàn yìí náà ló wá di ọjà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ oníyanrìn rí i pé ajílẹ̀ gidi ni amọ̀ terp. Wọ́n ń gbẹ́ ẹ, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ tà. Ọ̀pọ̀ terp ló pòórá báyìí. Ti Hegebeintum pàdánù apá ńlá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wá dà gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì àti ibojì tí wọn ò lè gbẹ́. Àwọn onímọ̀ sáré gba ohun tí wọ́n lè gbà nínú egungun àti ohun ọ̀ṣọ́ tó ń jáde, ṣùgbọ́n àìmọye àfọ́kù ìkòkò ló ti bá amọ̀ lọ sí oko olóko.