Lẹ́tà àyẹ̀wò VA ti dé, kí lẹ máa sọ fún dókítà tí ò mọ̀ yín rí?

Àwọn ọmọ wa tó ti ṣe sójà Amẹ́ríkà ò kéré, ọ̀pọ̀ wọn ló sì gbé ẹ̀yìn ríro, orúnkún dídùn àti etí tó ń hó bọ̀ látibẹ̀. Wọ́n á kọ kíléèmù, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń béèrè owó nítorí àìsàn náà, sí VA, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn tó ti ṣe sójà rí, wọ́n á máa retí èsì, àfi kí ilé iṣẹ́ tí wọn ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí pè wọ́n pé kí wọ́n wá ṣàyẹ̀wò. Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ nìyí.

VA ni mo kọ̀wé sí, kí ló wá kan QTC tàbí VES? Ṣé kì í ṣe oníjìbìtì?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ VA ló rán wọn lóòótọ́. VA máa ń gbé iṣẹ́ àyẹ̀wò fún kọ̀ntírákítọ̀, àwọn bíi QTC, VES, Optum Serve àti Loyal Source. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ ò mọ̀ ni wọ́n sábà fi ń pè, torí náà tẹ́ ẹ bá ṣì ní kíléèmù nílẹ̀, ẹ máa gbé fóònù o. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò yìí, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó ṣe é, ẹ gé fóònù mọ́ ọn lẹ́nu, kẹ́ ẹ pe VA fúnra wọn ní 1-800-827-1000 kẹ́ ẹ bi wọ́n.

Ọjọ́ tí wọ́n mú bọ́ sí ṣífítì mi ńkọ́?

Ẹ tètè pè wọ́n nígbà tó ṣì ku wákàtí 48 ó kéré tán. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa ń gbà kẹ́ ẹ yí ọjọ́ padà. Àmọ́ kẹ́ ẹ kàn má yọjú, ẹ má dán an wò, torí VA lè fi ohun tó wà nínú fáìlì nìkan dá ẹjọ́ yín tàbí kí wọ́n já kíléèmù náà sílẹ̀.

Ṣé dókítà yẹn ló máa fún mi ní pásẹ́ǹtì?

Rárá. Kò ní tọ́jú yín, kò sì ní kọ oògùn kankan fún yín. Á bi yín ní ìbéèrè, á wo ara yín, á wá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní DBQ, á sì sọ bóyá iṣẹ́ sójà ló fa àìsàn náà, kò sì dìgbà tó bá dá a lójú gbangba, tó bá ti rí i pé ó tó ìdajì sí ìdajì, ó ti tó. Ẹlòmíì ní VA, tí ò ní fojú kàn yín láé, ló máa ka gbogbo ẹ̀ tá á sì mú pásẹ́ǹtì láàárín 0 sí 100, òun ni wọ́n fi ń mọ iye owó tẹ́ ẹ máa gbà. Ohun tẹ́ ẹ ò bá sọ tí wọn ò sì rí nínú ìwé, kò ṣẹlẹ̀ lójú onítọ̀hún nìyẹn.

Tó bá wá ní báwo lara, kí ni kí n sọ?

Ibí gan-an ló ń dùn mí jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń pàdánù. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni pé tẹ́nì kan bá béèrè àlàáfíà, "a dúpẹ́" ló máa jáde, kódà ká má tíì fojú kan oorun mọ́jú. Àwọn míì ò sì ní fẹnu ara wọn pe àìsàn, ìgbàgbọ́ wọn ò gbà á, wọ́n á ní "I'm fine, thank God". Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa, ọpẹ́ ni wọ́n ń dá, àmọ́ dókítà ò mọ̀yẹn, ohun tó máa kọ ni pé ẹni yìí ní ara òun le. Ẹ dúpẹ́ yín tán nílé, tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ẹ sọ bó ṣe rí.

Ẹ má sọ ti òní nìkan o, ẹ sọ bó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tó bá le jù, ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù, ọjọ́ mélòó ló máa ń gbà, kí lẹ ò lè ṣe nígbà yẹn, ṣé àtẹ̀gùn ni ẹ ò lè gùn àbí bàtà ni ẹ ò lè bẹ̀rẹ̀ wọ̀. Láti ọdún 1995 ni ilé ẹjọ́ ti là á sílẹ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ wo irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn tó bá jẹ́ oríkèé ara ló ń dùn yín. Tó bá jẹ́ orúnkún, wọ́n á fi nǹkan wọn bó ṣe ń ká tó. Tí kò bá lè ká kọjá dígírì 45, pásẹ́ǹtì 10 ni, dígírì 30 jẹ́ 20, dígírì 15 jẹ́ 30. Ibi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, ẹ sọ ọ́ síta níbẹ̀, ẹ má fi agídí sójà ká a kọjá torí pé ẹnì kan ń wò yín. Ẹ̀fọ́rí túúlu (migraine) náà rí bẹ́ẹ̀, èyí tó ń dá èèyàn dùbúlẹ̀ tó bí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù jẹ́ 30, torí náà "orí máa ń fọ́ mi nígbà míì" ò wúlò, ẹ kọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí.

Ṣé kí n wá fi díẹ̀ kún un?

Rárá o! Wọ́n ń wo bẹ́ ẹ ṣe rìn wọlé àti bẹ́ ẹ ṣe dìde lórí àga, tí ọ̀rọ̀ yín ò bá sì bá ìwé ilé ìwòsàn mu, ẹ ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Òótọ́ yín ti tó.

Ti PTSD ńkọ́? Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni pè mí ní wèrè.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa, PTSD kì í ṣe wèrè, nǹkan tójú yín rí ló ń da ọkàn láàmú. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bó ṣe ń dí iṣẹ́ àti ilé yín lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò lọ òde ìnáwó mọ́ nítorí ariwo àti èrò, tàbí ẹ máa ń ta jí lóru tẹ́ ẹ̀ẹ́ máa pariwo, ẹ sọ ọ́. Ìyàwó tàbí ọkọ tó ń rí i lè kọ ohun tó rí sínú fọ́ọ̀mù 21-10210. Ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà lè ní obìnrin tàbí ọkùnrin lòun fẹ́ kó yẹ òun wò, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Kí ni kí n mú dání?

Ìwé ìdánimọ̀, orúkọ oògùn yín, ọ̀pá tàbí bẹ́líìtì ẹ̀yìn tẹ́ ẹ̀ ń lò lóòótọ́. Ìwé ilé ìwòsàn àti ti ẹlẹ́rìí, VA ni kẹ́ ẹ ti fi ránṣẹ́ sí kọ́jọ́ náà tó pé, torí dókítà lè má gbà á lọ́wọ́ yín. Kọ̀ntírákítọ̀ máa ń san owó máìlì tẹ́ ẹ rìn.

Dókítà yẹn ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn mí, ó ní ó ti parí.

Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ohun tó bi yín, ohun tí ò bi yín, bóyá ó wọn nǹkan kan, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí VA lórí fọ́ọ̀mù 21-4138. Tí ìdájọ́ bá jáde tí ò tẹ́ yín lọ́rùn, fọ́ọ̀mù 20-10206 lẹ máa fi béèrè ohun tí dókítà kọ, ọdún 1 lẹ sì ní láti ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà wò kí ọjọ́ tí owó ti bẹ̀rẹ̀ má bàa bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní owó rẹpẹtẹ kó bá yín ṣe é, àwọn aṣojú DAV àti VFW, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ti ṣe sójà rí, tí ìjọba fọwọ́ sí ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín ka ìwé náà kẹ́ ẹ tó fèsì.