Clozapine àti ẹ̀jẹ̀ adúláwọ̀ ní wọ́ọ̀dù títì ní England

Láàárín 2022 sí 2023, nínú adúláwọ̀ 100,000 ní England, nǹkan bí 228 ni wọ́n fi òfin ìlera ọpọlọ dá dúró sílé ìwòsàn. Ti òyìnbó jẹ́ 64. Ìyàtọ̀ yìí kì í tán lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹni tí ilé ẹjọ́ fi Section 37 àti 41 inú òfin yẹn rán lọ sí wọ́ọ̀dù títì kò ní ọjọ́ ìjáde. Kò lè kọ̀wé sí tribunal, ìgbìmọ̀ tó lè dá a sílẹ̀, kí oṣù mẹ́fà tó pé. Bó bá tiẹ̀ fẹ́ jáde kúrò nínú ọgbà ilé ìwòsàn lọ gba atẹ́gùn, mínísítà ètò ìdájọ́ gbọ́dọ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, oògùn tó bá ṣiṣẹ́ ṣe pàtàkì gan-an.

Bí oògùn méjì bá ti kùnà fún ẹni tó ní schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tó lè mú kí èèyàn máa gbọ́ ohùn tí kò sí, oògùn clozapine ló kàn. Àmọ́ clozapine lè pa neutrophil, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá kòkòrò àrùn jà. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 18, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí ọdún fi pé, kó tó wá di oṣooṣù. Òṣùwọ̀n tó ti wà tipẹ́ ni pé bí neutrophil bá wà nísàlẹ̀ bílíọ̀nù 1.5 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, kí wọ́n dá oògùn náà dúró lójú ẹsẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Yorùbá pẹ̀lú, kò ní Duffy, èròjà protein kan, lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa wọn. Àjogúnbá ni, ó sì ń dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ ibà Plasmodium vivax. Neutrophil irú wọn sábà máa ń kéré láti ìbí, láìmú àìsàn wá. Ara ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 1.4 lè le koko, síbẹ̀ èsì yóò jáde ní pupa, ìyẹn àmì pé kí wọ́n dá oògùn dúró. Wọ́n á gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn tó ń gbọ́ lè padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjà lè dé, wọ́n á tì í mọ́ yàrá àdádó. Gbogbo rẹ̀ ló ń wọ fáìlì tí tribunal yóò kà.

Òṣùwọ̀n kejì wà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀: 1.5 ni ìkìlọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó di ìsàlẹ̀ 1 kí wọ́n tó dá a dúró. Dókítà ẹ̀jẹ̀ ló ń fọwọ́ sí i. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé èsì ti máa ń pupa kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Ṣáájú hóró àkọ́kọ́ ló yẹ kí àyẹ̀wò Duffy ti wáyé, ẹbí náà sì lè béèrè rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀sán tún sábà máa ń ní neutrophil ju ti òwúrọ̀ lọ. Àmọ́ bí ibà tàbí ọ̀nà ọ̀fun dídùn bá mú aláìsàn, lọ́jọ́ náà gan-an ni kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, òṣùwọ̀n yòówù kó wà lábẹ́ rẹ̀.